Ilẹ̀ Ñadi: Bí Ẹ Ṣe Lè Yọ Omi Láì Pa Iyẹ̀pẹ̀

Ẹ̀yin àgbẹ̀ àti onílé tó wà láàárín Osorno, Puerto Montt àti erékùṣù Chiloé ní gúúsù Chile ni a kọ ìwé yìí fún, pàápàá ẹ̀yin tí ilẹ̀ yín jẹ́ ñadi, ìyẹn ilẹ̀ tó tẹ́jú tí omi òjò máa ń dúró sí. Láti Oṣù Karùn-ún títí di Oṣù Kẹsàn-án, tó jẹ́ ìgbà òtútù, omi á dúró sórí ilẹ̀ náà, ẹsẹ̀ màlúù á máa rì. Tó bá fi máa di Oṣù Kìíní, ilẹ̀ kan náà á gbẹ, koríko orí rẹ̀ á sì máa pọ́n. Ẹni tó bá mọ àkùrọ̀ nílẹ̀ Yorùbá, kó má fojú àkùrọ̀ wò ó rárá. Àkùrọ̀ máa ń ní ọ̀rinrin nígbà ẹ̀ẹ̀rùn, ñadi kì í ní in.

Ìdí tí omi fi ń dúró

Nígbà tí yìnyín ńlá ayé àtijọ́ yọ́, omi rẹ̀ kó òkúta wẹ́wẹ́ àti yanrìn wá tẹ́ sórí pẹ̀tẹ́lẹ̀ yìí. Lẹ́yìn náà ni àwọn òkè ayọnáyèéfín, irú bí Osorno àti Calbuco, ń tu eérú lé e lórí láti ìgbà dé ìgbà. Calbuco ṣì tu eérú ní Oṣù Kẹrin 2015. Eérú yẹn ló jẹrà di iyẹ̀pẹ̀ dúdú tó fúyẹ́ tí ẹ ń ro lónìí. Ní ọ̀pọ̀ ibi, kò nípọn tó mítà kan.

Láàárín iyẹ̀pẹ̀ àti òkúta ni fierrillo wà, èèpo líle tó pọ́n bí ìpẹtà. Irin tí omi kó sọ̀kalẹ̀ ló dì pọ̀ síbẹ̀. Ó lè má nípọn ju ìka kan lọ, síbẹ̀ agbára káká ni omi fi ń kọjá nínú rẹ̀, gbòǹgbò kò sì lè là á. Òjò tó ń rọ̀ ní Puerto Montt lọ́dún ju mílímítà 1,500 lọ, ìgbà òtútù ni èyí tó pọ̀ jù ń rọ̀, nígbà tí oòrùn kò lágbára láti fà á gbẹ. Ilẹ̀ sì tẹ́jú, omi ò rí ibi ṣàn gbà.

Ẹ gbẹ́ ihò kẹ́ ẹ tó náwó

Ẹ gbẹ́ ihò tó jìn tó mítà kan ní Oṣù Kẹjọ, kí ẹ tún gbẹ́ òmíràn ní Oṣù Kejì. Ẹ wo bí iyẹ̀pẹ̀ ṣe nípọn tó, ibi tí fierrillo wà, àti ibi tí omi dúró sí. Ẹ bu iyẹ̀pẹ̀ tútù díẹ̀, kí ẹ fi ìka ra á. Tó bá ń yọ̀ bí òrí, tí omi sì ń jáde lára rẹ̀, iyẹ̀pẹ̀ eérú ni.

Ihò yìí náà ló máa sọ fún yín bóyá ó yẹ kẹ́ ẹ háyà katakata láti fọ́ fierrillo. Nínú ihò Oṣù Kẹjọ, ẹ fi irin lu èèpo náà. Tí omi bá fà wọlẹ̀, fífọ́ rẹ̀ á ṣe yín láǹfààní. Tí omi bá ń ru jáde láti ìsàlẹ̀, a jẹ́ pé inú òkúta wẹ́wẹ́ náà ti kún, owó tí ẹ bá ná á ṣègbé.

Ẹ má gbẹ ilẹ̀ jù

Èyí ló ká wa lára jù lọ nínú gbogbo ọ̀rọ̀ yìí. Ohun tíńtìntín tó ní ihò nínú ni iyẹ̀pẹ̀ eérú, ihò yẹn ló sì ń fi mu omi. Tí ẹ bá la gọ́tà tó jìn gan-an, tí ẹ túlẹ̀ tí ẹ sì fi í sílẹ̀ fún oòrùn, àwọn ihò náà á dí, iyẹ̀pẹ̀ á di èérún líle. Kò tún ní mu omi bíi ti tẹ́lẹ̀ mọ́, bí òjò ti wù kó pọ̀ tó. Afẹ́fẹ́ á wá máa gbé e lọ.

Nítorí náà, gọ́tà tí kò jìn, tó tẹ̀ díẹ̀díẹ̀ lọ sí ojú odò, ló dára. Ẹ fi pákó sẹ́nu rẹ̀. Ẹ ṣí i nígbà òtútù, kí ẹ sì dí i ní Oṣù Kẹwàá kí omi díẹ̀ lè kù sílẹ̀ de ẹ̀ẹ̀rùn. Irinṣẹ́ tí katakata ń fà láti lu ihò gbọọrọ sábẹ́ ilẹ̀ wúlò níbi tí iyẹ̀pẹ̀ bá nípọn tí kò sì lókùúta. Ní ibi tí iyẹ̀pẹ̀ bá fẹ́lẹ́, ihò náà á wó. Ẹ sì béèrè lọ́wọ́ ìjọba ìbílẹ̀ kí ẹ tó la ojú omi ìtòsí ìlú, torí òfin 21.202 ti ọdún 2020 ń dáàbò bo ilẹ̀ olómi tó wà nínú ìlú. Ẹni tó bá fẹ́ rí bí ñadi ṣe rí kí àáké tó dé ibẹ̀, kó lọ sí Lahuen Ñadi, igbó tí ìjọba ń dáàbò bo nítòsí Puerto Montt, níbi tí igi alerce ṣì dúró sí.

Koríko, màlúù àti pòtétò

Ilẹ̀ yìí máa ń kan (ásíìdì pọ̀ nínú rẹ̀), alumíníọ̀mù inú rẹ̀ sì ń pa gbòǹgbò lára. Láìmù, ìyẹn lúbúlúbú òkúta funfun tí wọ́n ń fọ́n sílẹ̀, ló ń rọ̀ ọ́. Ẹ má fojú bù ú o. Ẹ gbé iyẹ̀pẹ̀ lọ fún àyẹ̀wò, kí ẹ sì béèrè lọ́wọ́ INIA Remehue, ibùdó ìwádìí iṣẹ́ àgbẹ̀, tàbí INDAP, àjọ ìjọba tó ń ran àgbẹ̀ kéékèèké lọ́wọ́. Ajílẹ̀ fọ́sífọ́ọ̀sì ní tiẹ̀, iyẹ̀pẹ̀ eérú máa ń dì í mú ṣinṣin kí koríko tó rí i jẹ, torí náà ìtòsí irúgbìn ni kí ẹ fi í sí, ẹ má fọ́n ọn káàkiri. Níbi tí omi kò bá ṣeé yọ tán, ẹ gbin alfalfa chilota, irúgbìn kan tí màlúù ń jẹ. Ó fara da omi àti ilẹ̀ kíkan, ó sì ń fún ilẹ̀ ní náítírójìn.

Ẹ kó màlúù kúrò lórí ñadi kí òjò tó le, kí ẹ fi wọ́n sórí ibi gíga. Pátákò á po iyẹ̀pẹ̀ tútù di ẹrẹ̀, koríko tó bá sì rì sínú rẹ̀ kì í tètè hù padà.

Pòtétò fẹ́ ebè. Àwọn ará Chiloé ti mọ̀ ọ́n tipẹ́, melga ni wọ́n ń pe tiwọn. Ẹ kọ ebè gíga, kí poro àárín rẹ̀ sì máa ṣàn lọ sínú gọ́tà.

Nínú ilé

Nígbà òtútù, omi inú ilẹ̀ á fẹ́rẹ̀ẹ́ dé ojú ilẹ̀. Omi ṣáláńgá á dà mọ́ omi kànga bí àwọn méjèèjì bá sún mọ́ra. Ibi tó ga jù ni kí ẹ gbẹ́ kànga sí, kí ẹ mọ ẹnu rẹ̀ sókè, kí ṣáláńgá sì jìnnà sí i ní apá ìsàlẹ̀. Tí omi kànga bá yí àwọ̀ padà lẹ́yìn òjò ńlá, ẹ sè é kí ẹ tó fún ọmọdé mu.