Láti Delhi sí Tokyo: àwọn àṣìṣe tó wọ́pọ̀ nínú ṣíṣírò wákàtí ìrìnàjò

Ẹ má ṣe yọ aago tí bàálù gbéra kúrò nínú aago tó máa balẹ̀, kí ẹ wá gbà pé iye wákàtí tí ẹ máa lò lókè nìyẹn. Aago ìlú kọ̀ọ̀kan ló máa ń wà lára tíkẹ́ẹ̀tì, aago Tokyo sì fi wákàtí 3 àti ààbọ̀ ṣíwájú ti Delhi. Ká ní bàálù gbéra ní Delhi ní agogo mẹ́jọ alẹ́, tó balẹ̀ sí Tokyo ní agogo méje àárọ̀. Lójú, wákàtí 11 ni. Ẹ yọ 3 àti ààbọ̀ kúrò, ó ku 7 àti ààbọ̀. Tí ẹ bá ń padà bọ̀, ṣe lẹ máa fi kún un. Bàálù tó kúrò ní Tokyo ní agogo mọ́kànlá àárọ̀, tó dé Delhi ní agogo márùn-ún ìrọ̀lẹ́, wákàtí 9 àti ààbọ̀ ló lò, kì í ṣe 6. Ààbọ̀ yẹn làwọn èèyàn sábà máa ń gbàgbé. Ó dùn mọ́ni pé Íńdíà àti Japan kì í sún aago síwá sẹ́yìn láàárín ọdún, torí náà ìṣirò yìí kì í yí padà.

Àṣìṣe tó tún burú jù ni ká fi iyára bàálù pín ọ̀nà. Nǹkan bíi 5,850 km ló wà láàárín ìlú méjèèjì. Tẹ́ ẹ bá fi 900 km ní wákàtí kan pín in, ẹ ó rí wákàtí 6 àti ààbọ̀, àmọ́ bàálù kì í gba ibi tó gún régé yẹn. Tó bá gba ibẹ̀, orí òkè Himalaya àti Tibet ló máa gbé e gbà, ilẹ̀ Tibet sì ga tó 4,500 mítà. Tí afẹ́fẹ́ inú bàálù bá jò, awakọ̀ gbọ́dọ̀ tètè sọ̀ kalẹ̀ sí nǹkan bíi 3,000 mítà kí afẹ́fẹ́ inú ìbòmú àwọn èrò tó tán, èyí tí kì í sábà ju ìṣẹ́jú 15 lọ. Kò sí àyè ìsọ̀kalẹ̀ lórí Tibet. Ìdí nìyẹn tí ọ̀pọ̀ bàálù fi ń yà sí gúúsù, gba Bangladesh àti Myanmar, kí wọ́n tó wọ Ṣáínà.

Ẹ má sì retí pé àlọ àti àbọ̀ á dọ́gba. Afẹ́fẹ́ líle kan wà lókè Japan tó ń fẹ́ láti ìwọ̀ oòrùn sí ìlà oòrùn, ibi tí bàálù ń fò sí gan-an. Wasaburo Oishi, onímọ̀ ojú ọjọ́ ará Japan, ti fi bàlúùnù wọ̀n ọ́n láwọn ọdún 1920. Ó ń ti bàálù lẹ́yìn lálọ, ó ń dojú kọ ọ́ lábọ̀. Nígbà òtútù, ó sábà máa ń ju 200 km lọ ní wákàtí kan.

Ẹ wo pápákọ̀ tó wà lórí tíkẹ́ẹ̀tì dáadáa. Haneda ò jìnnà sí àárín Tokyo, ṣùgbọ́n Narita tó 60 km sí i: rélùwéè á gbà tó wákàtí kan, takisí sì lè ju 20,000 yen lọ. Ẹ má ra tíkẹ́ẹ̀tì tó máa já yín sí ọ̀kan, tẹ́ ẹ ó sì ti wọ bàálù mìíràn ní èkejì, láìfi wákàtí 4 ó kéré tán sáàárín. Ẹ gbọ́dọ̀ wọ Japan, kẹ́ ẹ gba ẹrù yín, kẹ́ ẹ tó wọ bọ́ọ̀sì. Ẹni tó bá mú ìwé ìrìnnà Nàìjíríà dání gbọ́dọ̀ ti gba físà kó tó kúrò nílé.