Bí ẹni tí ẹ kò mọ̀ rí bá ní kí ẹ wá sùn nílé òun

Ẹ̀yin tí ẹ máa ń gbé báàgì kọ́ ẹ̀yìn lọ sókè òkun, bí ẹni tí ẹ kò mọ̀ rí bá ní kí ẹ wá jẹun tàbí kí ẹ wá sùn nílé òun, ẹ má tíì wọlé. Ẹ kọ́kọ́ fi live location orí WhatsApp, ìyẹn àmì tó ń fi ibi tí ẹ wà hàn bí ẹ ṣe ń rìn, ránṣẹ́ sí ẹnì kan tí ẹ fọkàn tán, kí ẹ sì mú wákàtí 8 pé kó fi ṣiṣẹ́. Ojú onílé gan-an ni kí ẹ ti ṣe é. Ẹ sọ fún un pé àwọn ará ilé yín fẹ́ mọ ibi tí ẹ wà. Ẹni tó ń ṣe yín lálejò tọkàntọkàn kò ní bínú, inú rẹ̀ tiẹ̀ lè dùn pé ẹ ní ẹni tó ń wá yín. Ẹni tó bá ní èrò mìíràn lọ́kàn yóò mọ̀ pé ojú wà lára yín. Bó bá fajú ro, tó ní kí ẹ pa fóònù, ẹ dúpẹ́, kí ẹ máa lọ. Ẹ má tijú rárá. Ẹ jẹ́ kí ìwé ìrìnnà àti owó wà lára yín, kì í ṣe nínú báàgì ńlá. Ibi tí ọgbọ́n yìí kù sí ni pé láìsí dátà, àmì náà kò ní sún, tí wákàtí 8 bá sì pé, á kú fúnra rẹ̀, bóyá nígbà tí ẹ ṣì ń sùn. Ẹ tún un tàn kí ẹ tó dùbúlẹ̀.