Owó ara àwòrán kọ́ ni owó kẹ̀kẹ́ ọlọ́mọ méjì

Ẹ jẹ́ kí n ti ibi tó ń dùn mí jù bẹ̀rẹ̀. Nínú àwòrán tí wọ́n fi polówó kẹ̀kẹ́ ọmọ tí mo rà, èyí tí a ń gbé ọmọ sí tí a sì ń fọwọ́ tì, ìjókòó méjì ló wà níbẹ̀, ọ̀kan lókè, ọ̀kan nísàlẹ̀, pẹ̀lú ìbòrí òjò àti apẹ̀rẹ̀ tí wọ́n ń tẹ́ ìkókó sí. Ohun tó jáde nígbà tí mo tú páálí rẹ̀ ni irin, táyà mẹ́rin àti ìjókòó kan ṣoṣo. Ìjókòó kejì, owó ọ̀tọ̀. Apẹ̀rẹ̀ ìkókó, owó ọ̀tọ̀. Ìbòrí òjò, owó ọ̀tọ̀. Kódà àwọn ike tí wọ́n fi ń gbé ìjókòó kejì kọ́ ara irin, tí wọ́n ń pè ní adaptor, tí kò tóbi ju àtẹ́lẹwọ́ lọ, owó ọ̀tọ̀ ni! Nígbà tí mo fi máa ro gbogbo rẹ̀ pọ̀, ó ti fẹ́rẹ̀ẹ́ tó ìlọ́po méjì iye tí wọ́n fi fà mí wọlé. Mo bi àwọn tó tà á fún mi, wọ́n ní àwòrán yẹn wà fún àfihàn lásán. Àfihàn kí ni? Ẹni tó ń wá kẹ̀kẹ́ ọlọ́mọ méjì, ṣebí ọmọ méjì ló ní.

Àkọ́bí mi kò tíì pé ọmọ ọdún méjì nígbà tí àbúrò rẹ̀ dé. Ó mọ ìrìn ín rìn, àmọ́ ìgbà tó bá wù ú ló ń rìn. Tó bá lọ síwájú díẹ̀, á jókòó sílẹ̀, á na ọwọ́ méjèèjì sókè, ó di kí n gbé e. Ìkókó lẹ́yìn, ẹ̀gbọ́n ní ìbàdí, báàgì léjìká: ara mi kọ̀ ọ́. Àwọn kan gbà mí níyànjú pé kí n kàn ra pákó onítáyà tí wọ́n ń so mọ́ ẹ̀yìn kẹ̀kẹ́ ọlọ́mọ kan, kí ẹ̀gbọ́n máa dúró lé e. Ó dáa fún ọmọ tó gbọ́ràn. Tèmi á bẹ́ sílẹ̀ láàárín títì.

Oríṣi méjì ló wà: èyí tí ìjókòó rẹ̀ wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn, àti èyí tí ọ̀kan wà níwájú tàbí lókè ìkejì. Ẹlẹ́gbẹ̀ẹ́ rọrùn láti tì, ọmọ méjèèjì ń wo ọ̀nà, kò sì sí ẹni tó ń fi ẹsẹ̀ gbá ẹnìkejì lórí. Fífẹ̀ ni ìṣòro rẹ̀. Púpọ̀ nínú wọn tó sẹ̀ǹtímítà 75 sí 80. Mo mú téèpù, mo wọn ẹnu ọ̀nà wa. Pákó ilẹ̀kùn fúnra rẹ̀ tó 76, àmọ́ tí wọ́n bá ṣí i tán, ìnípọn rẹ̀ àti híńjì á jẹ nínú àyè náà. Ohun tó kù fún mi kò pé 72. Bí mo ṣe gbàgbé ẹlẹ́gbẹ̀ẹ́ nìyẹn, tí mo mú èyí tí ọ̀kan wà lókè ìkejì.

Ẹ jẹ́ kí n yin ara mi díẹ̀ níbi yìí. Àwọn olùtajà kan á kọ fífẹ̀ ìjókòó, àwọn mìíràn á kọ ti irin, bẹ́ẹ̀ ẹ̀gbẹ́ òde táyà ẹ̀yìn ló máa ń kọ́kọ́ gbá férémù ilẹ̀kùn. Mo wá ìwé ìlò tí àwọn tó ṣe kẹ̀kẹ́ náà gbé jáde, ibẹ̀ ni mo ti rí i pé 65 ni láti táyà dé táyà. Mo gé páálí kan sí 65 gẹ́lẹ́, mo ń tì í láti yàrá dé yàrá, mo tún gbé e wọ líìfùtì. Bàbá àwọn ọmọ ń fi mí ṣẹ̀rín. Nígbà tí kẹ̀kẹ́ dé tí kò ha síbì kankan, ẹ̀rín tán lẹ́nu wọn.

Àmọ́ kí ni àǹfààní kẹ̀kẹ́ tó gba ẹnu ọ̀nà tí kò gba ọmọ? Ìkókó gbọ́dọ̀ dùbúlẹ̀ gbalaja, torí ọrùn rẹ̀ kò tíì gbó. Ó máa ń tó nǹkan bí oṣù mẹ́fà kí ó tó lè jókòó dáadáa. Wọ́n kọ ọ́ gàdàgbà pé kẹ̀kẹ́ náà dára "láti ọjọ́ ìbí". Òótọ́ ni, tí ẹ bá ra apẹ̀rẹ̀. Ìjókòó ìsàlẹ̀ kò tẹ́ délẹ̀ rárá, oṣù mẹ́fà ló ti bẹ̀rẹ̀. Mo ra apẹ̀rẹ̀, mo ra ìjókòó kejì, mo ra adaptor. Ibẹ̀ ni wàhálà ti bẹ̀rẹ̀ gan-an.

Adaptor tó kọ́kọ́ dé, ti kẹ̀kẹ́ àtijọ́ ni wọ́n fi ránṣẹ́. Tí ẹ bá gbé e sí ẹ̀gbẹ́ èyí tó tọ́, ojú lásán kò lè mọ ìyàtọ̀. Ó wọ ihò irin, ó sì jókòó síbẹ̀ bí ọmọ gidi. Ṣùgbọ́n tí ìjókòó bá gùn ún, ó yẹ kí ó ró kó, kí àmì aláwọ̀ ewé kékeré kan yọ lẹ́gbẹ̀ẹ́. Kò ró. Àmì pupa ló dúró síbẹ̀. Mo fi ọwọ́ gbọn ìjókòó náà, ó bọ́ sí mi lọ́wọ́.

Mo kọ̀wé sí wọn. Wọ́n ní ṣé mo ti tì í wọlé dáadáa. Mo ní mo ti tì í. Wọ́n ní kí n ya fọ́tò, mo yà á. Wọ́n ní fọ́tò kò hàn, kí n ṣe fídíò. Mo ṣe fídíò, ọwọ́ kan lórí fóònù, ọwọ́ kejì lórí ìjókòó, ìkókó ń ké lẹ́yìn. Ẹlòmíràn ló dáhùn, ó tún bi mí bóyá mo ti tì í wọlé dáadáa. Nígbà tí wọ́n gbà níkẹyìn, wọ́n ní mo gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ dá ti àkọ́kọ́ padà, lówó ara mi, kí wọ́n tó fi òmíràn ránṣẹ́.

Òmíràn dé. Lára adaptor, wọ́n máa ń tẹ L sí ti òsì, R sí ti ọ̀tún. Mo tú ọ̀rá: L. Mo tú ìkejì: L. Òsì méjì! Mo jókòó sílẹ̀, mo kàn ń wò wọ́n. Bàbá àwọn ọmọ ní kí àwọn fi okùn dè é, mo ní ẹ̀yin àti okùn yín, ẹ jọ̀ọ́, ọmọ ló ń jókòó síbẹ̀, kì í ṣe ẹrù.

Ohun tó jẹ́ kí inú bí mi jù ni pé apẹ̀rẹ̀ kì í dúró de ẹnikẹ́ni. Kílò 9 ni òpin tèmi, tàbí ìgbà tí ọmọ bá ti lè dìde jókòó fúnra rẹ̀. Gbogbo ìgbà tí wọ́n fi ń bi mí bóyá mo tì í wọlé, ìkókó ń sanra. Mo ní orí, n kò ní fìlà. Nígbà tí R dé, àmì aláwọ̀ ewé yọ lọ́tùn-ún lósì, mo sì gbá irin náà mọ́ra bí ẹni gbá àlejò mọ́ra. Ìlò díẹ̀ ni apẹ̀rẹ̀ tí mo fi owó gọbọi rà rí.

Títò ó kò le. Títì í náà dáa, bí ẹ bá ti mọ̀ ọ́n. Tí ẹ bá dé etí títì tó ga, ẹ tẹ ọwọ́ rẹ̀ mọ́lẹ̀ kí iwájú kọ́kọ́ gòkè, torí ibẹ̀ ló wúwo sí. Ẹ má gbé báàgì kọ́ ọwọ́ rẹ̀: bí ọmọ iwájú bá ti sọ̀kalẹ̀, ó lè dojú sókè tòun ti ìkókó. Kíká a ló ṣì ń mú mi bínú, torí àyàfi tí mo bá yọ ìjókòó kan kí ó tó ká, irin nìkan sì wúwo tó kílò 12. Lọ́dún 1965, ọkùnrin kan tó ń jẹ́ Owen Maclaren, tó bá wọn ṣe ẹsẹ̀ ọkọ̀ òfurufú Spitfire, ti ṣe kẹ̀kẹ́ ọmọ tó ń ká bí agboòrùn, tí kò tó kílò mẹ́ta. Ọlọ́mọ kan ni o, mo mọ̀. Síbẹ̀!

Bí mo bá tún fẹ́ rà, gbogbo ẹ̀yà ara rẹ̀ ni màá kó sínú agbọ̀n ìrajà kí n tó fi owó rẹ̀ wé ti ẹlòmíràn. Màá bi wọ́n ní nọ́ńbà adaptor àti ọdún tí wọ́n ṣe kẹ̀kẹ́ náà. Màá sì wo ìwúwo tí ìjókòó ẹ̀gbọ́n lè gbà: ìlànà EN 1888 ti Yúróòpù lórí ààbò kẹ̀kẹ́ ọmọ ní apá kan fún ọmọ tí kò ju kílò 15 lọ, ó ní apá kejì fún èyí tó lé ní 15 títí dé 22. Ẹ̀gbọ́n tó ti wọn kílò 13, ẹ má ra èyí tó parí sí 15 fún un.

Owó tí mo fi dá adaptor padà, wọn ò tíì san án. Wọ́n ní kí n fi rìsíìtì ránṣẹ́, mo fi ránṣẹ́. Wọ́n ní kò hàn.