Ẹ Má Ka Àwòdì Kan Lẹ́ẹ̀mẹ́ta: Àṣìṣe Tó Wọ́pọ̀ Lórí Òkè

Níbẹ̀rẹ̀ oṣù kọkànlá ọdún tó kọjá, àwa mẹ́rin gun ọ̀kan nínú àwọn òkè olókùúta tó wà lẹ́yìn ọgbà Yunifásítì Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀ ní Ilé-Ifẹ̀, ká lè ka àwòdì tó ń ti Òkè Ọya bọ̀ bí ẹ̀ẹ̀rùn ṣe ń wọlé. Kó tó di ọ̀sán, mo ti kọ 31 sínú ìwé. Inú mi ń dùn. Bàbá kan tó ń wa iṣu nísàlẹ̀ gbójú sókè, wọ́n ní, "Ẹ̀yin ọmọ wọ̀nyí, ṣé àwòdì mẹ́fà yẹn náà lẹ ṣì ń kà? Láti àárọ̀ ni wọ́n ti ń pòòyì lórí àkìtàn yẹn."

Ojú tì mí. Òótọ́ ni bàbá sọ.

Àṣìṣe yìí ló ń ba ìwé jẹ́ jù. Ẹyẹ tó ń rìnrìn àjò á gba ọ̀nà kan lọ ni, kò ní padà wá kí yín. Torí náà, ẹ mú àmì kan, bí igi tàbí òpó iná. Èyí tó bá ré e kọjá lọ sí gúúsù ni kí ẹ kà. Tó bá sì ṣẹ́rí padà, ẹ yọ ọ́ kúrò. Àwòdì orí àkìtàn, ti ibi tí wọ́n ti ń pa màlúù àti ti igbó tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ sun, oúnjẹ ni wọ́n ń wá.

Ẹ má sì jí gun òkè ní aago mẹ́fà àárọ̀ bí ẹni ń lọ oko. Àwọn ẹyẹ wọ̀nyí kì í fẹ́ fi apá ṣe wàhálà. Wọ́n á dúró kí oòrùn mú ilẹ̀ gbóná, kí ooru tó ń gòkè gbé wọn, wọ́n á pòòyì títí wọ́n á fi ga, wọ́n á wá tẹ́ apá sílẹ̀, wọ́n á yọ̀ lọ. Àwòdì tó ń re Ìbarà, ẹ̀fúùfù ta á nídìí pẹ́, ó ní iṣẹ́ kúkú yá. Nǹkan bí aago mẹ́wàá ni kí ẹ tó jókòó, kí ojú yín má ti rẹ̀ kí eré tó bẹ̀rẹ̀.

Ẹ má tètè gbé bínókúlà sójú: ojú lásán la fi ń wá ẹyẹ.

Ti orúkọ wá ńkọ́? Gbogbo ẹyẹ tó bá ń fò lókè ni àwọn kan ń pè ní àṣá. Ìrù àwòdì là díẹ̀, ó sì ń yí i bí atukọ̀ ṣe ń yí àjẹ̀. Ìrù igún kúrú, apá rẹ̀ fẹ̀. Kannakánná kì í sinmi apá jíjù. Àṣá kan wà tí apá rẹ̀ pọ́n, tó máa ń tẹ̀lé iná igbó nítorí tata. Òmíràn ń ti Yúróòpù sọdá òkun ní Gibraltar wá sínú igbó wa, ìdin agbọ́n ló ń jẹ. Bí kò bá dá yín lójú, ẹ kọ "n kò mọ̀ ọ́n". Ọ̀rẹ́ mi kan wà tí kò sí ẹyẹ tí kò ní orúkọ fún. A kì í lo ìwé rẹ̀.

Ẹ má kọ "bíi ogún" nígbà tí ó jẹ́ 17. Bí wọ́n bá ń pòòyì pọ̀, ẹ dúró kí wọ́n tò jáde ní ìlà kí ẹ tó kà wọ́n. Wákàtí tí ohunkóhun ò kọjá, òdo ni, ẹ kọ ọ́. Ní Hawk Mountain, òkè kan ní Pennsylvania ní Amẹ́ríkà, níbi tí àwọn ọdẹ ti ń yìnbọn pa àṣá kí Rosalie Edge, obìnrin kan tó ń jà fún ẹyẹ, tó gba ilẹ̀ náà ní 1934, ọdún yẹn gan-an ni kíkà bẹ̀rẹ̀. Ní 1962, Rachel Carson, òǹkọ̀wé ará Amẹ́ríkà, fi àkọsílẹ̀ ibẹ̀ hàn pé àwọn ọmọ idì tó ń kọjá ti dín kù, nígbà tó ń kìlọ̀ nípa oògùn apakòkòrò DDT. Ká ní àwọn tó ń kà ń fi ayọ̀ kún iye ni, ta ni ì bá mọ̀?

Ìwé tèmi ti ọjọ́ yẹn ṣì wà lọ́wọ́ mi. Mo fa igi lé 31 náà, mo kọ òdo sẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀.