Bí mo ṣe ń mọ ohun tí ehoro mi ń wí

Ehoro kì í ké bí ewúrẹ́, kì í gbó bí ajá. Bí ẹ bá gbọ́ igbe rẹ̀, ẹ̀rù ńlá ti bà á nìyẹn, tàbí ìrora ti pọ̀ jù fún un. Etí, àgbọ̀n, eyín àti ẹsẹ̀ ẹ̀yìn ló fi ń sọ̀rọ̀. Akọ kan àti abo kan ni mo rà lọ́wọ́ ẹ̀gbọ́n kan ní ìlú Ìyàrá. Nígbà tí mo kó wọn dé Kábà, mo pinnu pé akọ kò ní gun abo títí n ó fi mọ ìwà àwọn méjèèjì. Ìdájí àti ìrọ̀lẹ́ ni mo ń jókòó tì wọ́n, torí ìgbà yẹn ni ara wọn máa ń yá jù.

Lóru, abo a máa fi ẹsẹ̀ ẹ̀yìn lu pákó gbì, gbì. Ìkìlọ̀ ni: ewu wà nítòsí. Mo ṣọ́ ọ nínú òkùnkùn títí mo fi rí ajá àdúgbò tó ń gbóòórùn lábẹ́ ilé wọn. Mo gbé ilé náà ga sí i, mo fi wáyà yí abẹ́ rẹ̀ ká, mo sì ki ẹsẹ̀ rẹ̀ bọ agolo tí mo bu ọ́ìlì dúdú sí, nítorí ìjàlọ. Lílù náà dáwọ́ dúró.

Ojú ehoro ń ríran yí ká, àfi iwájú imú rẹ̀ gan-an. Nítorí náà, ẹ̀gbẹ́ ni mo ti ń fọwọ́ kàn án lórí, lẹ́yìn tí mo bá ti fún un ní yúnyun tàbí ìtàkùn ànàmọ́. Nígbà tó yá, ó ń fi àgbọ̀n nu abọ́ oúnjẹ, ó sì nu ọwọ́ mi náà. Abẹ́ àgbọ̀n ni òórùn rẹ̀ ti ń jáde. Ohun tó bá nù ún mọ́, tirẹ̀ ni. Inú mi dùn gan-an lọ́jọ́ yẹn! Bí mo bá ń fọwọ́ pa á lórí, eyín rẹ̀ á máa dún wẹ́wẹ́, ara tù ú nìyẹn. Ṣùgbọ́n tó bá ká ara jọ, tó ń pa eyín keke, tí kò sì jẹun, ìrora ni. Ehoro kò lè bì, bí ikùn rẹ̀ bá dáṣẹ́ dúró, ikú kò jìnnà. Ẹ má jẹ́ kó di ọjọ́ kejì kí ẹ tó wá dókítà ẹran.

Ooru máa ń ba àtọ̀ akọ jẹ́ fún ìgbà díẹ̀, nítorí náà mo ní sùúrù títí òjò fi dé. Abo ni mo gbé lọ sílé akọ. Tí akọ bá lọ bá a nílé, abo lè bu akọ jẹ. Tí abo bá gbà, á na ara, á gbé ìdí sókè.

Oyún wọn máa ń tó nǹkan bí ọjọ́ 31. Nígbà tó di ọjọ́ 28, mo gbé àpótí pákó wọlé fún un. Ó ń fi ẹnu kó koríko gbígbẹ, ó ń fa irun ikùn rẹ̀ tu láti fi tẹ́ ẹ. Ó bímọ lóru, àwọn ọmọ wà ní ìhòòhò, ojú wọn dì.

Ìyá àgbà tó ń gbé lẹ́gbẹ̀ẹ́ wa wọlé.

"Ọ̀kun o, ọmọ mi. Abiyamọ yìí mà ti kọ àwọn ọmọ rẹ̀, kò tilẹ̀ sún mọ́ wọn láti àárọ̀."

"Ẹ fọkàn balẹ̀, Ìyá. Ẹ̀ẹ̀kan tàbí ẹ̀ẹ̀mejì lójúmọ́ ló ń fún wọn lọ́mú, kì í sì ju ìṣẹ́jú díẹ̀ lọ. Ó ń jìnnà sí wọn kí ẹranko búburú má bàa mọ ibi tí wọ́n wà."

Ní ìdájí ọjọ́ kejì, mo fi koríko inú ilé abo ra ọwọ́ mi kí òórùn mi lè dínkù, mo rọra ṣí irun náà. Ikùn wọn yọ róbótó, wàrà sì ń hàn funfun lábẹ́ awọ wọn. Mo pe Ìyá kó wá wò ó. Ó wò ó pẹ́. "Wọ́n mà ti yó!" Ọmọ tí awọ rẹ̀ bá hunjọ, tí kò yé jà pìtìpìtì, òun ni ebi ń pa.

Ojú wọn là ní nǹkan bí ọjọ́ kẹwàá. Akọ ṣì wà nílé tirẹ̀, torí abo lè gboyún ní ọjọ́ tó bímọ gan-an, mo sì fẹ́ kí èyí sinmi dáadáa kó tó tún lọ.