Fífi mọ́tò lọ sí ìlú olólùfẹ́ ẹni lópin ọ̀sẹ̀
Alẹ́ Ọjọ́bọ̀ ni kí ẹ ti yẹ mọ́tò wò, kí àyè àtúnṣe lè wà. Ẹ wọn afẹ́fẹ́ táyà nígbà tí táyà ṣì tutù, torí ooru ìrìn máa ń gbé e ga. Iye tó yẹ sábà máa ń wà lára férémù ilẹ̀kùn awakọ̀. Ẹ wọn ti táyà inú búùtù náà: òun ló máa ń jò tán láìsí ẹni tó mọ̀. Bí ẹ́ńjìnnì bá gbóná, ẹ má ṣí ìdérí rédíétọ̀ rárá, omi gbígbóná á tú jáde, á sì bó yín lára.

Olólùfẹ́ yín ló mọ ibi tí ọ̀nà ti burú, ẹ bi í kí ẹ tó gbéra. Ẹ máa sinmi ní wákàtí méjì-méjì. Bí oorun bá ń kun awakọ̀, kí ẹlòmíràn tí ẹ jọ ń lọ gba ọkọ̀ wà. Rédíò ò lè lé oorun lọ.