Bí Mo Ṣe Fi Apá Àgbò Iléyá Wé Apá Tèmi

Bayọ́lọ́jì ni mò ń kọ́ àwọn ọmọ ilé-ẹ̀kọ́ girama, ó sì ti pẹ́ tí ẹ̀kọ́ nípa iṣan ara, ìyẹn ẹran tó ń mú eegun gbéra, ti ń dùn mí lọ́kàn. Àwòrán inú ìwé nìkan la ní. Ọmọ á há orúkọ sórí, á kọ ọ́ lọ́jọ́ ìdánwò, ṣùgbọ́n tẹ́ ẹ bá ní kó fọwọ́ kan ibi tí iṣan náà wà lára òun fúnra rẹ̀, á kàn máa wò yín ni. Nígbà tí Iléyá dé, mo bẹ ìyá wa pé kí wọ́n fún mi ní apá kan àti itan kan, kí n tú u wò kó tó bọ́ sínú ìkòkò.

Ibi tí wọ́n ti ń kun ẹran ni ẹ̀kọ́ ti bẹ̀rẹ̀. Bàbá alápatà gbé apá àgbò sókè, wọ́n fi ọ̀bẹ là á láti abíyá lọ, ó sì bọ́ sílẹ̀ wọ́ọ́rọ́wọ́. Nígbà tí wọ́n dé itan, àfi kí wọ́n wá oríkèé ìbàdí kàn, kí wọ́n yí i, kí wọ́n tó rí i yọ. Mo bi wọ́n pé kí ló dé.

"Tíṣà, ẹran ló so apá mọ́ ọn. Kò sí eegun níbẹ̀."

Bẹ́ẹ̀ gan-an ni. Àwa èèyàn ní eegun kan tó nà láti òkè igbáàyà dé èjìká. Ẹ fi ìka wá a lábẹ́ ọrùn yín, ẹ ó bá a. Àgbò ò ní in. Iṣan ló gbé àyà rẹ̀ sáàárín apá méjèèjì, bí ọ̀já ṣe ń gbé ọmọ tí wọ́n pọ̀n. Èyí tó ṣiṣẹ́ jù nínú wọn, serratus ventralis, fẹ̀ bí abẹ̀bẹ̀: ó bẹ̀rẹ̀ lára eegun ìhà àti ti ọrùn, ó parí sí ojú inú eegun pẹlẹbẹ èjìká. Àwa náà ní irú rẹ̀ lábẹ́ abíyá, àmọ́ tiwa kì í gbé ara dúró. Òun ló ń ti èjìká síwájú nígbà tá a bá ń ti ọkọ̀ tó kú.

Mo gbé apá náà sí fíríìjì díẹ̀ kó le, mo tẹ́ náílọ̀nù sórí tábìlì. Tẹ́ ẹ bá fẹ́ ṣe é, ẹ fi ọ̀bẹ sílẹ̀. Awọ fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ funfun kan wà láàárín iṣan kan àti èkejì. Ìka ni kẹ́ ẹ fi là á. Kí n tó mọ̀ bẹ́ẹ̀, mo ti kánjú gé ibì kan, ó sì dá wàhálà sílẹ̀ nígbà tí mo dé ìdí biceps, iṣan iwájú apá.

Orúkọ yẹn túmọ̀ sí olórí méjì, ìyẹn ni pé ibi méjì ló ti bẹ̀rẹ̀ lára eegun. Orí kan ṣoṣo ni mo rí. Ó lé ní wákàtí kan tí mo fi ń wá èkejì, ẹ̀rù ń bà mí pé ọ̀bẹ mi ló gé e dànù. Ojú eegun mọ́ tónítóní, kò sí àpá ohun tó já níbẹ̀. Ìgbà tí mo ṣí ìwé àwọn oníṣègùn ẹran ni mo tó rí i pé orí kan ṣoṣo ni ti àgùntàn, ewúrẹ́, ajá àti ẹṣin. Ara èèyàn ni wọ́n ti fún iṣan náà lórúkọ, wọ́n wá gbé orúkọ ọ̀hún lé ẹran lórí. Láti ìgbà yẹn ni mi ò ti fi orúkọ wá nǹkan mọ́. Mo so òwú pupa mọ́ ibi tí iṣan kọ̀ọ̀kan ti bẹ̀rẹ̀, mo so dúdú mọ́ ibi tó parí sí, mo wá ń wá ibi kan náà lára mi.

Bẹ́ẹ̀ ni mo ṣe rí i pé ohun tí gbogbo wa ń pè ní orúnkún iwájú àgbò, ọrùn-ọwọ́ rẹ̀ ni. Ìgúnpá rẹ̀ wà lókè, nítòsí àyà. Láti ọrùn-ọwọ́ lọ sí pátákó, okùn funfun ló pọ̀ níbẹ̀, ẹran fẹ́rẹ̀ẹ́ má sí, kí ẹsẹ̀ lè fúyẹ́ fún eré. Mo tẹ ìdí àtàǹpàkò tèmi, ẹran kún ibẹ̀ bámúbámú. Àwọn iṣan kéékèèké yẹn la fi ń di abẹ́rẹ́ mú.

Ní ti itan, mi ò pẹ́ níbẹ̀ púpọ̀. Iṣan ìdí tó wà lókè pátá lára àgbò ti lẹ̀ mọ́ ti ẹ̀yìn itan, wọ́n ti di ọ̀kan. Tiwa dá dúró, òun ló sì tóbi jù lọ nínú gbogbo iṣan ara wa. Ẹ fọwọ́ lé ìdí yín kẹ́ ẹ máa gun àtẹ̀gùn, ẹ ó rí bó ṣe ń le gbagidi. Ẹ wá rìn lórí ilẹ̀ títẹ́jú, kò ní fi bẹ́ẹ̀ ṣe nǹkan kan.

Ìrọ̀lẹ́ ni ìyá wa gba ẹran wọn. Eegun pẹlẹbẹ èjìká nìkan ni mi ò jẹ́ kí wọ́n fọ́. Mo sè é, mo sá a sóòrùn, ó wà lórí tábìlì kíláàsì wa báyìí. Gegele kékeré tí biceps olórí kan yẹn ti bẹ̀rẹ̀ ṣì hàn lára rẹ̀. Àwọn ọmọ á fi àtàǹpàkò tẹ̀ ẹ́, wọ́n á sì bẹ̀rẹ̀ sí í wá tiwọn ní èjìká.